Agboòrùn Omi

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Bámiṣayé fi ya fọ́tò kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ó ya ìyàwó, ó ya òkú, ó ya àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń tò wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Old Market, ní Lokoja, láti ya pásípọ́ọ̀tù tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù. Kò sẹ́ni tó jókòó síwájú rẹ̀ tí kì í bẹ̀rù rẹ̀. Bí o bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, yóò bi ọ́ bóyá ojú ń dùn ọ́. Bí o bá ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì, yóò lé ọ jáde.

Nígbà tó pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, dókítà kan ní Àbújá tan iná sí ojú rẹ̀ méjèèjì, ó ní ti ọ̀tún ti lọ, ti òsì náà kò sì ní pẹ́ lọ. Bí ọdún kan, bóyá díẹ̀ sí i. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ilé rẹ̀ ní Ìyàmoyè sì tóbi jù fún ẹni tó ń fọwọ́ wá ògiri. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Pius, ló lọ gbé e padà wá sí Lokoja, sí ilé òun ní Ganaja. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yin Pius títí. Wọ́n ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n láyé ìsinsìnyí.

Pius ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni Bridget, ìyàwó rẹ̀. Ọlámidé, ọmọ wọn, wà ní yunifásítì, nítorí náà àwọn méjèèjì àti Bámiṣayé nìkan ló ń gbé inú ilé náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bridget gbọ́ tí bàbá ọkọ rẹ̀ ń ké láti ẹ̀yìnkùlé.

"Ìyàwó! Ìyàwó, sáré wá!"

Ó rò pé ó ṣubú ni. Ó bá a ní ìdọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, ó gbé ojú òsì sún mọ́ báàfù tí omi ń kán sí.

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Omi ni. Wò ó."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mo ti ní kí wọ́n pe púlọ́mbà, wọn ò tíì wá."

"Púlọ́mbà kẹ́? Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án!"

Ohun tó rí ni pé bí ẹ̀kán omi kan ṣe bọ́ sínú báàfù, omi inú báàfù nà sókè bí ìka. Kí ìka náà tó wálẹ̀, ẹ̀kán kejì ti já lé e lórí, ó sì ṣí bí agboòrùn. Ìṣẹ́jú àáyá kan kò tó o. Oòrùn àárọ̀ ló là á fún ojú rẹ̀ tó ń kú. Ó dúró síbẹ̀ títí di ọ̀sán, kò tún rí i mọ́.

"Gbogbo ẹni tí mo yà láyé mi, àwọn ló ní kí n ya àwọn," ló sọ fún Bridget nígbà tó ń jẹun. "Èyí nìkan ni kò bẹ̀ mí."

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n kó ìrẹsì àti iṣu kúrò nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ìdáná, wọ́n fi aṣọ dúdú dí fèrèsé. Bridget bá a wá okùn dírípù tuntun láti ọsibítù, èyí tó ní táyà kékeré tí wọ́n fi ń dín omi kù tàbí tí wọ́n fi ń bù ú kún un. Wọ́n so àpò omi kọ́ ìṣó, wọ́n gbé abọ́ dúdú sísàlẹ̀, wọ́n ta aṣọ àdìrẹ sí ẹ̀yìn abọ́ kí àwọ̀ rẹ̀ lè wọ inú omi. Bámiṣayé gbé kámẹ́rà rẹ̀ lé ẹsẹ̀ mẹ́ta. Yóò fi ṣíbí dúró sí ibi tí omi ń já sí, yóò yí lẹ́ǹsì títí ojú ṣíbí yóò fi mọ́ kedere, yóò wá yọ ṣíbí kúrò.

Ó ṣàlàyé fún Bridget pé kì í ṣe kámẹ́rà ló ń mú omi dúró, fíláàṣì ni. Yàrá gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn. Kámẹ́rà á la ojú sílẹ̀, iná á wá kọ fẹ̀ẹ́, kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tí iná bá sì bá níbẹ̀ nìkan ni fọ́tò máa mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ tan fáànù, nítorí atẹ́gùn á ti omi sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá mọ ooru Lokoja, tó mọ bí Òkè Patti ṣe ń gba oòrùn sára tó sì ń pọ̀ ọ́ padà sórí ìlú, á mọ ohun tí yàrá tí a dí fèrèsé rẹ̀ tí kò ní fáànù máa ń ṣe fún àgbàlagbà.

Ojú òsì náà ti kéré gan-an nígbà yẹn. Ó ń wo ayé bí ẹni tó ń yọjú láti inú ihò ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ. Ó lè rí ẹ̀kán omi tó ń bọ̀ sílẹ̀, ó lè rí i pé fíláàṣì kọ, ṣùgbọ́n kò lè rí fọ́tò kékeré tó máa ń yọ sí gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà. Pius ló ń bá a wò ó. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bí Pius bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò tíì bọ́ bàtà tí bàbá rẹ̀ á ti na kámẹ́rà sí i.

Ó yẹ kí n sọ ohun tó wà láàrin àwọn méjèèjì.

Nígbà tí Pius wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá òkùnkùn ní ṣọ́ọ̀bù Old Market nígbà tí bàbá rẹ̀ ń fọ fíìmù ìgbéyàwó kan. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, fíìmù bàjẹ́ pátápátá. Bámiṣayé kò pariwo. Ó fi okùn kámẹ́rà na ọmọ náà títí ọwọ́ fi ro ó, ó sì tì í mọ́ inú yàrá yẹn di ọjọ́ kejì pẹ̀lú òórùn kẹ́míkà tó ń ta ní imú. Ìyá Pius kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ̀ ẹ́.

"Jẹ́ kó kọ́ òkùnkùn," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ẹni tí kò mọ òkùnkùn kò lè ya fọ́tò."

Láti ọjọ́ náà lọ, fọ́tò yòówù tí Pius bá fọ̀, bàbá rẹ̀ á fà á ya lójú oníbàárà. Ó bàjẹ́, tún un ṣe. Ó bàjẹ́, tún un ṣe. Á yíjú sí oníbàárà, á ní, "Ojú ẹran ni wọ́n fún eléyìí." Pius gbọ́ ọ títí ó fi wọ yunifásítì. Kò gbọ́ "ó dára" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú. Kò sí àbùkù tó lè fara pa mọ́ fún un nínú fọ́tò, bó ti wù kó kéré tó, bàbá rẹ̀ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Ṣẹẹrẹ, káàdì inú kámẹ́rà kún. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí bàbá rẹ̀ tó jí, Pius mú un lọ sí ọ́fíìsì kí Samuel, ẹni tí wọ́n jọ ń jókòó, lè bá a kó ohun inú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Samuel kó o, ó nu káàdì náà mọ́, ó dá a padà. Pius jù ú sínú àpò kóòtù, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Lóòótọ́ ni ó gbàgbé.

Nígbà tó délé, bàbá rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo ti ya ogójì! Mo gbọ́ ọ létí mi, ẹ̀kán méjèèjì pàdé. Wo èyí tó kẹ́yìn."

Pius gba kámẹ́rà. Ọ̀rọ̀ pupa kan wà lójú gíláàsì: kò sí káàdì. Kámẹ́rà ti ń la ojú, ó ti ń di ojú, fíláàṣì ti ń kọ, kò sì sí nǹkan kan tó wọlé. Ó fẹ́ sọ ọ́. Ó tilẹ̀ la ẹnu. Ó wá wo bàbá rẹ̀ tó fara tì síwájú bí ọmọ iléèwé tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá fún tíṣà.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó bàjẹ́, Bàbá," ni Pius wí. "Ẹ tún un yà."

Ojú àgbàlagbà náà rẹ̀ sílẹ̀. Nǹkan kan sì tú nínú àyà Pius, ó tutù, ó dùn, bí ẹni tó mu omi lẹ́yìn ìrìn àjò. Kò mú káàdì náà jáde lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, kì í ṣe pé ó gbàgbé mọ́.

Ó ń ṣe é dáadáa. Kì í sọ àbùkù kan náà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Lónìí, á ní omi ti wálẹ̀ kí iná tó kọ. Lọ́la, á ní iná ló yá jù. Á ní orí agboòrùn gé, á ní etí rẹ̀ kò mọ́, á ní àwọ̀ aṣọ ẹ̀yìn ti pa á. Bámiṣayé á mi orí, á lọ tún gbogbo rẹ̀ tò. Ó gbé àpò omi sókè, ó gbé e wálẹ̀. Ó kán mílíìkì díẹ̀ sínú omi kó lè ki. Oṣù Èrèlé kọjá, oṣù Ẹrẹ́nà wọlé, ooru gbóná dé ibi pé ajá kì í dìde lábẹ́ mọ́tò. Bámiṣayé gbẹ, ọrùn rẹ̀ tín-ínrín nínú kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ kan, òòyì kọ́ ọ nínú yàrá náà, ó fi orí gbá etí tábìlì. Pius gbé e dìde, ó nu ẹ̀jẹ̀, ó fún un lómi.

"Ẹ sinmi, Bàbá. Ẹ tún un yà lọ́la."

"O ṣeun, ọmọ mi," ni Bámiṣayé wí. "Ẹlòmíì á ti purọ́ fún mi."

Nígbà tó fi di oṣù Igbe, etí ló kù tó fi ń ya fọ́tò. Á jókòó sínú òkùnkùn, á ka omi bó ṣe ń kán, tó, tó, tó, á tẹ kámẹ́rà kí ẹ̀kán kejì tó dún.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, Bridget tètè ti ibi iṣẹ́ dé. Bàbá pè é pé kó wá bá òun wo ọ̀kan, ara òun ò lè dúró de Pius. Bridget gbé kámẹ́rà náà sún mọ́ ojú, ó ka ọ̀rọ̀ pupa tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ jẹ́ kí Bàbá Ọlámidé dé, Bàbá. Èmi ò mọ̀ ọ́n wò."

Nígbà tí Pius dé, Bridget tẹ̀ lé e wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

"Káàdì ò sí nínú kámẹ́rà Bàbá."

"Mo mọ̀." Pius ń tú okùn bàtà rẹ̀.

"Ẹ mọ̀? Láti ìgbà wo?"

"Oṣù Ṣẹẹrẹ."

Bridget jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. "Ojoojúmọ́ ló ń jókòó sínú ooru yẹn. Mò ń fi tówẹ́ẹ̀lì nu àágùn lábẹ́ àga rẹ̀ bí ẹni pé ó tọ̀ síbẹ̀."

"Ta ló fipá mú un?"

"Pius, ojú ẹ̀ ń lọ!" Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Ọlámidé, kò pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ rí.

Pius gbójú sókè. Kò bínú. Ohun tó dẹ́rù ba Bridget nìyẹn, pé kò bínú. "Jẹ́ kó kọ́ òkùnkùn," ló wí. "Má dá sí i. Èmi pẹ̀lú ẹ̀ ni."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Bridget kò ní iṣẹ́. Nígbà tí Pius jáde tán, ó yẹ àpò gbogbo kóòtù rẹ̀ wò, ó rí káàdì náà, ó sì fi sínú kámẹ́rà. Kò sọ fún bàbá. Ó jókòó tì í nínú yàrá kékeré náà ní ọ̀sán, òun náà ń làágùn. Fọ́tò mẹ́rìnlá ni àgbàlagbà náà yà kí ó tó ní ó rẹ òun. Bridget ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ìkọkànlá, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Bàbá, ẹ ti rí i mú."

Bámiṣayé kò mira. "Sọ bó ṣe rí."

"Igi omi kan dúró láàrin abọ́, ó tín-ínrín, ó gún. Agboòrùn wà lórí ẹ̀. Ó tẹ́ bí ewé kókò. Ìlẹ̀kẹ̀ omi yí etí ẹ̀ ká, mo lè kà wọ́n. Àwọ̀ àdìrẹ wà nínú gbogbo ẹ̀."

"Etí rẹ̀ mọ́?"

"Ó mú bí abẹ́, Bàbá." Ó ti ń sunkún.

Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu àgbàlagbà náà. Ó gbé e mì.

"Nọ́ọ̀sì ni ọ́," ló wí. "Ẹni tó ń kú lọ, ẹ máa ń sọ fún un pé ara rẹ̀ ti ń yá."

"Mi ò purọ́, Bàbá."

"Jẹ́ ká dúró de Pius. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ́ ojú ọmọ yẹn. Kò ní ṣàánú mi."

Bridget kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀: pé láti oṣù Ṣẹẹrẹ kò sí káàdì nínú kámẹ́rà, pé ọmọ rẹ̀ mọ̀, pé gbogbo àbùkù tó ń kà fún un, inú ara rẹ̀ ló ti ń hun wọ́n jáde. Bámiṣayé gbọ́ ọ títí ó fi parí. Ó wá ní kó gbé kámẹ́rà lé òun lọ́wọ́. Ó fi èékánná ṣí ilẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀, káàdì yọrí jáde, ìka rẹ̀ sì bà lé e.

"Kí nìyí?"

"Èmi ni mo fi síbẹ̀ láàárọ̀ yìí, Bàbá."

"Láàárọ̀ yìí." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gbígbẹ. "Mo ti rí obìnrin tó fẹ́ lé bàbá ọkọ rẹ̀ kúrò nílé. Ibi oúnjẹ ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìwọ, ibi ojú mi lo gbà. Dìde níwájú mi."

Bí Pius ṣe wọlé nírọ̀lẹ́, bàbá rẹ̀ ro gbogbo rẹ̀ fún un, Bridget dúró níbẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó rẹ ní o ń fi mí ṣẹ̀sín. Mi ò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n wò ó, kó lè tì í lójú. Fọ́tò mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Ẹ kà á fún wọn," ni Bridget wí. "Ti òní nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á."

Pius gba kámẹ́rà. Mẹ́rìnlá. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ọ̀kan, ọ̀kan, títí ó fi dé ìkọkànlá, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Látọmọdé, nínú gbogbo fọ́tò tó ti ọwọ́ bàbá rẹ̀ jáde, kò sí èyí tó tó o. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Ó wá a, kò rí i.

Bámiṣayé kọjú sí ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí kò mọ ibi tí ọmọ náà dúró sí gan-an. "Mélòó?"

"Wọ́n pọ̀, Bàbá. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún."

Bridget lọgun.

"O gbọ́?" ni Bámiṣayé wí fún un. "Ti òní wá ńkọ́, Pius? Èyí tó ní ó dára?"

Pius tún wo fọ́tò náà. Bridget ń wo ẹnu rẹ̀.

"Ó bàjẹ́."

Àgbàlagbà náà tú èémí. Kámẹ́rà wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún ṣẹ́, ṣẹ́, bí Pius ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

"Kí lo ń ṣe?"

"Mò ń pa àwọn tó bàjẹ́ rẹ́ ni, Bàbá."

"Pa wọ́n rẹ́ dáadáa. Má ṣẹ́ ọ̀kan kù tí ayé á fi sọ pé Bámiṣayé ló ya ìyẹn."

Bridget fò mọ́ kámẹ́rà náà. Pius na ọwọ́ sókè tí kò fi lè tó o, ó tẹ̀ ẹ́ tán, ó sì gbé e fún un. Òfìfo ni.

Bámiṣayé kò wọ yàrá kékeré náà mọ́. Kò jẹ́ kí Bridget kán oògùn sí òun lójú mọ́. Ó ní òun ò mọ ohun tó lè bù sí i. Kì í jẹun àfi tí Pius bá wà nílé. Pius a máa gbé oúnjẹ fún un, a máa gé ẹran rẹ̀ wẹ́wẹ́, ìtutù tó máa ń tú nínú àyà rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò sì wá mọ́. Kí oṣù Òkúdù tó parí, ojú òsì náà kú. Ó jí láàárọ̀, ó ní kí wọ́n ṣí fèrèsé, fèrèsé sì ti wà ní ṣíṣí.

Ní oṣù Agẹmọ, Mojísọ́lá, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ti Ìyàmoyè wá mú un lọ. Pius ní ìpàdé wà ní ọ́fíìsì. Bridget ló sìn wọ́n dé gáréèjì. Nígbà tí Mojísọ́lá lọ ra omi, ó sún mọ́ fèrèsé mọ́tò.

"Bàbá, Bàbá Ọlámidé ní kí n sọ fún yín pé fọ́tò yẹn dára. Ìkọkànlá, ti ọjọ́ Ẹtì yẹn. Ó ní òun ò wò ó dáadáa ni."

Kò sẹ́ni tó rán an. Bámiṣayé kọjú sí ibi tí ohùn rẹ̀ ti wá.

"Bó bá dára, kí ló dé tó pa á rẹ́?"

Bridget di etí fèrèsé mọ́tò mú.

"Sọ fún un pé mi ò fẹ́ àánú," ni Bámiṣayé wí. "Ọmọ tó ń sọ òótọ́ fún mi tẹ́lẹ̀, kó má torí pé mo ti fọ́jú kó wá bẹ̀rẹ̀ irọ́. Mi ò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

Mojísọ́lá padà dé, dírẹ́bà ti ilẹ̀kùn, mọ́tò sì lọ.

Bridget wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Ganaja. Kóòtù Pius wà lórí àga pálọ̀. Kò lọ sí ìpàdé kankan. Ó bá a nínú yàrá ẹ̀yìn ìdáná, ara rẹ̀ wà níhòòhò láti ìbàdí sókè, fáànù wà ní pípa, aṣọ dúdú wà lójú fèrèsé. Ó ti so àpò omi kọ́. Fíláàṣì kọ, ó wo ẹ̀yìn kámẹ́rà, ó mi orí, ó tún un tò. Kì í ṣe ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó ti ń ṣe é ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi láti oṣù Èbìbí, kò sì rí ohun tó jọ ti bàbá rẹ̀ rí.

"Kí ni wọ́n sọ?" ló bi í, kò wo ẹ̀yìn.

Bridget jíṣẹ́ náà fún un bó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́, kò bù kún un, kò yọ kúrò. Pius gbé kámẹ́rà lélẹ̀. Omi ń kán sínú abọ́. Bridget lọ wọ aṣọ funfun rẹ̀, nítorí ọ̀sán ni iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì jáde.